Ta ni yóò bá mi mú ọmọ dání? Ìrànlọ́wọ́ fún òbí tí ọmọ títọ́ àti iṣẹ́ oṣù ti wọ̀ lọ́rùn ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ìyá Méjì, Arówómọ́lẹ̀

Mo kí gbogbo ẹ̀yin òbí tí ẹ wà níbí, lọ́mọdé lágbà. Ọ̀rọ̀ mi kì í ṣe ti àìsàn, kì í sì í ṣe ti ìjà tọkọtaya, ṣùgbọ́n ó ti fẹ́ borí mi. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe ní ilé-ìwé girama kan ní ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ yìí. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ó sì máa ń wálé ní òpin ọ̀sẹ̀, bí owó ọkọ̀ àti ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ bá gbà fún un. Ọmọ méjì ni Olúwa fi ta wá lọ́rẹ: èyí àgbà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ni. Ìyá tó bí mi ti di olóògbé, ìyá ọkọ mi sì wà ní Èkó lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin tí òun náà ní ọmọ kékeré lọ́wọ́.

Kí n tó dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, mo ti wẹ ọmọ méjèèjì, mo ti dáná, mo ti bu oúnjẹ sínú kúlà, mo ti gbé kékeré dé jẹ́lé-ó-sinmi, mo sì ti mú àgbà dé ẹnu géètì ilé-ìwé rẹ̀. Ọ̀sán gan-an ni wàhálà wà. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa ń jáde ṣáájú tiwa, bí ìpàdé olùkọ́ bá sì bọ́ sí i, ọmọ mi a jókòó ti ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu géètì títí n ó fi dé. Mo san owó lẹ́sìn, ìyẹn ẹ̀kọ́ àfikún lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá jáde, fún un, kì í ṣe nítorí pé ìwé rẹ̀ kò dára, bí kò ṣe kí ó lè rí ibi jókòó sí. Bí a bá wá délé, iṣẹ́ àṣetiléwá, aṣọ fífọ̀, oúnjẹ alẹ́ àti ẹkún kékeré ni yóò jọ pàdé mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìbéèrè mi nìyí: ẹ̀yin tí ẹ kò ní ìyá nítòsí, tí owó yín kò sì ká ọmọ-ọ̀dọ̀, níbo ni ẹ ti rí ẹni tí ó bá yín gbé e? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n ní sùúrù. Wọ́n ti sọ ìyẹn fún mi tó.

Àgbà Ìjerù

Ẹ kú ìtọ́jú, ọmọ mi. Olúwa yóò bá yín wò wọ́n. Èmi kò ní fi sùúrù bẹ̀ yín, ṣùgbọ́n n ó bi yín léèrè: kí ni ẹ lọ ṣe ní Arówómọ́lẹ̀? Àwọn baba wa sọ pé ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Nígbà tí èmi wà lọ́mọdé, n kò lè sọ ní pàtó ẹni tí ó bọ́ mi lánàá àti ẹni tí ó wẹ̀ mí lónìí, nítorí pé ìyá pọ̀ nínú agbo ilé, ẹni tí ó bá sì ráyè ni yóò mú ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé ni ẹ kó jáde lọ gba yàrá méjì àti pálọ̀, tí ẹ mọ odi yí i ká, tí ẹ sì ti géètì. Igba ènìyàn náà ṣì wà nínú agbo ilé baba ọkọ yín. Ẹ padà sọ́dọ̀ wọn.

Ìyá Ìbejì, Under-G

Ẹ kú ọ̀rọ̀, bàbá wa. Mo tọrọ àyè láti dá sí i, kì í ṣe láti fi àgbà gún lára. Èmi gan-an dàgbà nínú agbo ilé, mo sì mọ ẹni tí ń gbé ọmọ pọ̀n níbẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin bí ọmọ ọdún mẹ́jọ sí méjìlá ni. Bí ìyá bá lọ sí oko tàbí sí Ọjà Igbó, àwọn ọmọ wọ̀nyí ni a ń gbé àbúrò lé lẹ́yìn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì kàwé kọjá ibi tí wọ́n bá a dé. Òde òní, ilé-ìwé ni àwọn ọmọbìnrin wà, inú mi sì dùn sí i. Ní ti àwọn ìyá àgbà, ẹ lọ wo agbo ilé ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ kí ẹ rí i. Ẹni tí ara rẹ̀ le wà lẹ́nu ọjà, nítorí pé bí nǹkan ṣe gbówó lórí láti 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo kò jẹ́ kí àgbàlagbà fẹ̀yìn tì. Ẹni tí ara rẹ̀ kò le kò lè sáré tẹ̀lé ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn.

Mo sì rò pé a gbàgbé ohun kan nípa àwọn ìyá àtijọ́. Ètò wà fún ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìyàwó àgbà ń pín iṣẹ́, olúkúlùkù mọ ọjọ́ oúnjẹ rẹ̀, ìyàwó tó wà nílé lọ́jọ́ ọjà mọ̀ pé ọmọ gbogbo ilé wà lọ́wọ́ òun, wọ́n sì ń bá ẹni tí kò ṣe tirẹ̀ wí. Ohun tí ó ti tú nìyẹn, agbo ilé wà níbẹ̀ o, kò wà níbẹ̀ o.

Olùkọ́ Àfẹ̀yìntì

Ọ̀rọ̀ méjèèjì dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n kí a tó wá ẹni tí yóò bá ìyá yìí gbé ẹrù, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ẹrù náà wò, nítorí ìdajì rẹ̀ kò yẹ lórí rẹ̀. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè yìí. Mo rí i nígbà tí lẹ́sìn jẹ́ ti àwọn tí ń múra ìdánwò àṣekágbá, mo sì rí i nígbà tí ó di ti ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọmọ tí ó ti wà ní kíláàsì láti aago mẹ́jọ, tí a tún dá dúró di aago márùn-ún, kì í kọ́ ohun tuntun kan mọ́. Oorun ni ó ń kùn ún. Bí ó bá délé, wọ́n á tún kó iṣẹ́ àṣetiléwá ìwé mẹ́ta fún un, ìyá ni yóò sì ṣe é ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ kí olùkọ́ má bàa nà án.

Ẹ lọ bá olùkọ́ ọmọ yín, kí ẹ sọ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ohun tí ọmọ bá lè dá ṣe láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ẹ ó máa jẹ́ kí ó ṣe, àti pé ẹ̀yin kò ní ṣe é fún un. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ yóò gbà, nítorí wọ́n mọ ìkọ̀wé ìyá yàtọ̀ sí ti ọmọ. Bákan náà ni owó ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ti jẹ́lé-ó-sinmi, aṣọ oríṣiríṣi fún ọjọ́ oríṣiríṣi, àti ìdíje ta ni ọmọ rẹ̀ ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì jù. Òbí ń bẹ̀rù pé ọmọ tòun yóò kẹ́yìn, ẹ̀rù yẹn ni ilé-ìwé aládàáni kan ń tà. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bínú sí mi. Ilé-ìwé ìjọba alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣì wà. Owó 3,000 náírà tí àwọn òbí ń san tẹ́lẹ̀ ní ilé-ìwé ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti di fífagi lé láti 2019. Kì í ṣe gbogbo wọn ló dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo aládàáni náà ló dára.

Ọmọ Ajílété Lókè Òkun

Ẹ kú ilé o, ará ilé. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni mo wà, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìṣòro yìí kò mọ sí ilẹ̀ wa. Ní oṣù kẹjọ 2024, ọ̀gá àgbà oníṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà, Vivek Murthy, gbé ìkìlọ̀ kan jáde tí ó dá lórí àárẹ̀ ọkàn àwọn òbí nìkan. Nínú rẹ̀ ni a ti rí i pé nínú 100 òbí, 48 ló sọ pé lọ́pọ̀ ọjọ́, wàhálà náà borí àwọn pátápátá, bẹ́ẹ̀ 26 péré ni nínú àwọn àgbàlagbà yòókù. Orílẹ̀-èdè tí iná kì í kú nìyẹn o.

Níbi tí mo wà, nígbà tí mo bímọ, nọ́ọ̀sì ìjọba wá sílé wá wo èmi àti ọmọ; láàárín ọjọ́ 10 sí 14 lẹ́yìn ìbí ni wọ́n máa ń wá. Ó bi mí bí ọkàn mi ṣe rí, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fún mi ní nọ́ńbà ìpè, ó sì lọ. Ohun dáadáa ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀kùn pa dé, kò sì sí ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn mi mọ́ fún ọjọ́ pípẹ́. Ìyá mi ń rí ọmọ lórí fóònù lálaalẹ́, ó ń kì í, ó ń súre fún un. Ọwọ́ rẹ̀ kò kàn lè jáde láti inú fóònù kí ó gbà á lọ́wọ́ mi kí n lọ wẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní aládùúgbò tí ẹ jọ gbọ́ èdè ara yín, ẹ ti ní ohun kan tí èmi ń fi owó wá níbí tí n kò rí.

Nọ́ọ̀sì Abiyamọ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀gbẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn, nítorí mo rí àwọn ìyá kan tí wọ́n ń kà á tí wọn kò sọ̀rọ̀. Lára obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ìbànújẹ́ àti ẹkún tí kò nídìí wọ́pọ̀ ní ọjọ́ bíi mẹ́ta sí márùn-ún lẹ́yìn ìbí. Èyí kì í ṣe àrùn, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, bí ìyá bá rí oorun sùn tí àwọn ènìyàn sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Èyí tí ó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì ni kí a fojú sí: ìyá tí kò rí oorun sùn bí ọmọ tilẹ̀ sùn, tí oúnjẹ kò wù ú, tí kò ní ìfẹ́ sí ohunkóhun, tí ó ń rò pé òun kò wúlò fún ọmọ, tàbí tí ìrònú ikú ń wá sí i lọ́kàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 100 obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ káàkiri ayé, nǹkan bí 13 ni irú èyí ń ṣe, ó sì tó nǹkan bí 20 ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa. Ẹ wo iye abiyamọ tí ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí ẹ sì fi iye yẹn wò ó.

Abísínwín yàtọ̀ sí èyí. Òun kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń yára dé, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́: ìyá á máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, á máa sọ ìsọkúsọ, tàbí kí ó ní ẹnìkan fẹ́ pa ọmọ òun. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ má sì fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀. Àdúrà kò dí i lọ́wọ́. Ẹ máa gbà á lọ nínú ọkọ̀.

Ìbéèrè 10 kan wà tí wọ́n gbé jáde ní 1987, tí wọ́n fi orúkọ ìlú Edinburgh pè. A fi ń wádìí bí ọkàn ìyá ti rí ní ọjọ́ méje tó kọjá, kò sì gba àkókò púpọ̀. Ẹ lè béèrè fún un nígbà tí ẹ bá gbé ọmọ lọ fún abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹfà, nítorí ọjọ́ yẹn gbogbo ojú máa ń wà lára ọmọ, ẹnikẹ́ni kì í sì í bi ìyá ní ohunkóhun. Ìlú wa kò sì burú ní ti èyí: ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn méjì ni a ní, ti Yunifásítì LAUTECH àti ti Yunifásítì Bowen; ilé ìwòsàn ti Bowen yìí ni àwọn Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní 1907. Bí ojú bá ń ti yín láti béèrè ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọpọlọ, ẹ lọ rí dókítà ìṣègùn ẹbí, kí ẹ sọ fún un pé oorun kò kùn yín. Òun ni yóò mọ ibi tí yóò darí yín sí. Ìtọ́jú wà, àwọn oògùn kan sì wà tí ìyá lè lò kí ó sì máa fún ọmọ lọ́mú.

Ìyá Méjì, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ̀ ń sùn?

Ìyá Méjì, Arówómọ́lẹ̀

Ẹ ṣeun gan-an, àǹtí nọ́ọ̀sì. Mò ń sùn bí ọmọ bá jẹ́ kí n sùn, oúnjẹ sì ń wù mí. Ó rẹ̀ mí ni, kò tíì di ìyẹn. Mo dúpẹ́ pé ẹ béèrè, ẹ̀yin ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó béèrè.

Bàbá Àgbà, agbo ilé ọkọ mi wà ní Ìsẹ́yìn, ẹ má bínú. Olùkọ́ wa, n ó lọ rí olùkọ́ ọmọ mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá yọ ọ́ kúrò ní lẹ́sìn, ibo ni yóò wà títí n ó fi jáde? Ní alẹ́ tí mo bá ń dáná, fóònù mi ni mo ń gbé fún àwọn méjèèjì kí wọ́n má bàa fọwọ́ kan iná. Mo mọ̀ pé kò dára.

Nọ́ọ̀sì Abiyamọ

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2019 pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì kò nílò fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n rárá, ẹni ọdún méjì sí mẹ́rin kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ lóòjọ́. Ẹ jẹ́ kí kékeré máa fi ṣíbí lu abọ́ nítòsí yín. Ariwo rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ó sàn. Ẹni ọdún mẹ́fà lè máa ṣa ẹ̀wà, kò kéré jù.

Káfíńtà Sábó

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ bọ̀ láti òkè, mo sì rí i pé a ti wí ti ìyá, ti ìyá àgbà, ti ìyá ọkọ, ti nọ́ọ̀sì. Ọkọ ńkọ́? Èmi kò bú ọkùnrin ẹgbẹ́ mi tó wà ní Ìbàdàn. Ó ń wá oúnjẹ, mo mọ bí ó ti ń rẹni. Ṣùgbọ́n ìyàwó tèmi ń nája láti ìlú dé ìlú, ọjọ́ tí ó bá lọ, èmi ni mo ń ti ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán láti lọ mú àwọn ọmọ. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó sú wọn.

Ohun tí ẹni tí kò sí nílé lè ṣe pọ̀. Ó lè máa pe àgbà lórí fóònù ní aago méje alẹ́ kí wọ́n jọ ka ìwé nígbà tí ìyá ń dáná. Fóònù yẹn náà ni, ṣùgbọ́n bàbá ló wà nínú rẹ̀. Òun ni kí ó máa bá ilé-ìwé sọ̀rọ̀ lórí owó, lórí ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́, lórí abẹ́rẹ́ tí ọjọ́ rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí ó bá dé títí di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, kí òru jẹ́ tirẹ̀: bí ọmọ bá ké, òun ni kí ó dìde. Àlejò kọ́ ni nílé ara rẹ̀. Ẹ má sì sọ ọ́ fún un bí ẹ̀bẹ̀ nígbà tí ó rẹ̀ yín. Ẹ jókòó sọ ọ́ ní ọ̀sán Sátidé nígbà tí ó ti jẹun yó, kí ẹ sì dárúkọ iṣẹ́ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin tí a bá sọ fún pé "ẹ ràn mí lọ́wọ́" yóò wò yín lójú ni. Bí ẹ bá sọ fún un pé "òru Sátidé jẹ́ tiyín", yóò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Agbẹjọ́rò Tákìé

Ọ̀rọ̀ òfin díẹ̀, nítorí ó ń yà mí lẹ́nu bí àwọn òṣìṣẹ́ kò ṣe mọ̀ ọ́n. Abala 54 nínú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà fún obìnrin ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, mẹ́fà ṣáájú ìbí àti mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, bí ó bá sì ti lo oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu iṣẹ́, owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí ìdajì ní àkókò náà. Abala yìí kan náà sọ pé ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú ní ẹ̀tọ́ sí ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ nínú àkókò iṣẹ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní ọ̀sẹ̀ 16, ọkùnrin nínú wọn sì ní ọjọ́ iṣẹ́ 14 nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bá bímọ. Ẹni tó bá lóyún lọ́wọ́lọ́wọ́, kí ó béèrè fún tirẹ̀ nínú ìwé, kì í ṣe ní ẹnu, kí ó sì tọ́jú ẹ̀dà kan.

Ìyá Ìbejì, Under-G

Ọ̀rọ̀ ti ń sún mọ́ ibi tí mò ń wò. Ìyá Méjì béèrè ibi tí ọmọ yóò wà láàárín ìgbà tí ilé-ìwé bá jáde àti ìgbà tí òun bá dé. N ó sọ ohun tí àwa ń ṣe ní àdúgbò wa.

Àáró ni a fi ṣe é, irú èyí tí àwọn baba wa fi ń roko. Àwa ìyá márùn-ún ni, gbogbo wa ni a ní iṣẹ́, àwọn ọmọ wa sì wà ní ilé-ìwé tí kò jìnnà síra. Olúkúlùkù mú ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀. Ọlọ́jọ́ Ajé ni ó ń lọ kó ọmọ gbogbo wa ní ọjọ́ Ajé, yóò fún wọn ní oúnjẹ, wọ́n á ṣeré, wọ́n á ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá wọn ní ojú kan, títí ìyá kọ̀ọ̀kan yóò fi dé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun di ti ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ mẹ́rin, n kò sáré. Ní ọjọ́ kan, ariwo fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ilé mi. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí ó tètè jáde, nọ́ọ̀sì ni òun, ó mú ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, a sì máa ń yí ọjọ́ fún un bí àkókò iṣẹ́ rẹ̀ ti ń yí.

A kò gba owó lọ́wọ́ ara wa. A gbìyànjú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀, nítorí ẹni tó san owó ń retí ẹran, ẹni tó gba owó sì ń ka ṣíbí. Nísinsìnyí, ìyá kọ̀ọ̀kan ń di oúnjẹ ọmọ rẹ̀ sínú kúlà láti àárọ̀. Omi àti èso nìkan ni ọlọ́jọ́ ń pèsè. Ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná tàbí tí ń wúkọ́ kò gbọdọ̀ wá, ìyá rẹ̀ ni yóò wá ọ̀nà sí i ní ọjọ́ náà. Òfin yìí le, ó sì ti pa ẹnìkan lára, ṣùgbọ́n bí kò bá sí, àrùn kan ṣoṣo yóò tú ẹgbẹ́ náà ká.

Ohun tí mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ gan-an ni pé fún ìgbà pípẹ́ ni a fi jẹ́ aládùúgbò tí a ń kí ara wa "ẹ kú ìtọ́jú ọmọ" tí a sì ń kọjá lọ. Inú rere wà lọ́kàn gbogbo wa. Kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, títí di ìgbà tí a fi dárúkọ ọjọ́, aago àti ẹni tí yóò ṣe é.

Abiyamọ Ọ̀jẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ó dára ní gbígbọ́, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin ni mo bí. Báwo ni n ó ṣe mọ ẹni tí ń wọlé tí ń jáde nílé ẹlòmíràn? Ọkọ wà níbẹ̀, àbúrò ọkọ wà níbẹ̀, ayálégbé wà níbẹ̀. Ohun tí à ń gbọ́ lórí rédíò kò jẹ́ kí ènìyàn sùn.

Ìyá Ìbejì, Under-G

Ẹ kò jẹ̀bi, àǹtí. Ìbéèrè tí ẹ béèrè yìí ni a fi gbogbo ìpàdé àkọ́kọ́ sọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí iwájú ilé ni àwọn ọmọ máa ń wà, ibi tí ojú ọ̀nà ti lè rí wọn. Wọn kì í wọ yàrá. Ọlọ́jọ́ kò gbọdọ̀ jáde lọ kí ó fi wọ́n sílẹ̀ fún ọkọ, fún ọmọ-ọ̀dọ̀ tàbí fún ọmọ rẹ̀ àgbà. Bí ìrìn bá bọ́ sí i, yóò pe ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kàn. Ìyá nìkan ni ó lè wá mú ọmọ, àfi ẹni tí ó bá ti fi orúkọ àti àwòrán rẹ̀ hàn wá. Ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ kì í sì í sí láàárín ọmọ àti àgbà: a kọ́ wọn pé ẹni tó bá ní kí wọ́n má sọ fún ìyá wọn, òun gan-an ni kí wọ́n kọ́kọ́ sọ. Ẹnikẹ́ni nínú wa lè yà sílé ọlọ́jọ́ láìsọ tẹ́lẹ̀, a sì máa ń yà. Ìyá kan fẹ́ wọ ẹgbẹ́ wa tí kò fẹ́ kí a máa yà sí òun. A kò gbà á, bẹ́ẹ̀ ènìyàn dáadáa ni.

Agbẹjọ́rò Tákìé

N ó kàn fi kún un pé Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé láti 2006. Bí ohun búburú bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ, ọ̀rọ̀ ìjọba ni, kì í ṣe ohun tí àdúgbò lè fi ẹ̀bẹ̀ parí. Kí gbogbo ẹgbẹ́ irú èyí sọ ọ́ síta láti ọjọ́ kìíní, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní òun kò mọ̀.

Àgbà Ìjerù

Ìyá Ìbejì, ẹ káre. Èmi bá àwọn baba mi ṣe àáró, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ń pa á. Ẹni tí ó máa ń pa àáró ni ẹni tí a kọ́kọ́ roko rẹ̀ tán, tí ẹ̀yìn ń dun ún nígbà tí ó kan oko ẹlòmíràn. Nítorí náà, a kì í fi ẹni tí a kò tíì mọ ìwà rẹ̀ ṣáájú. Oko ẹni tí a mọ̀ pé yóò dúró ni a ń kọ́kọ́ ro. Bí àìsàn bá ṣe ẹnìkan, yóò rán arọ́pò tàbí kí ó san ọjọ́ náà padà kí oṣù tó parí. A kì í jẹ́ kí gbèsè ọjọ́ di méjì, torí ẹni tó bá jẹ gbèsè ọjọ́ méjì yóò máa yẹra fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Mo sì tún fẹ́ kí ẹ ro àwọn ìyá àgbà mọ́ ọn. Ẹ ní wọn kò lè sáré tẹ̀lé ọmọ, mo gbà. Wọ́n lè jókòó lọ́dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n máa pa àlọ́, kí ojú wọn sì wà nílẹ̀ nígbà tí ọlọ́jọ́ ń bu omi. Àgbàlagbà kan tí ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ń lé ọ̀pọ̀ ohun tí Abiyamọ Ọ̀jẹ̀ ń bẹ̀rù sẹ́yìn.

Ìyá Méjì, Arówómọ́lẹ̀

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti bá ọkọ mi jókòó. Ó ti gba òru Sátidé àti ìwé kíkà aago méje, ó sì ní òun ni yóò máa bá ilé-ìwé sọ̀rọ̀ lórí owó. Mo bá olùkọ́ ọmọ mi sọ̀rọ̀ náà, kò bínú rárá. Ó ní òun gan-an ń fi alẹ́ máàkì iṣẹ́ àwọn ìyá.

Mo ti rí ìyá méjì tí a lè jọ ṣe àáró. Ọ̀kan ń ránṣọ nílé, ó mú ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, ó ní òun fẹ́ kí a gba ọmọ òun ní ọjọ́ tí òun bá ń lọ ra aṣọ ní Ìlọrin. Èkejì jẹ́ olùkọ́ bíi tèmi ní ilé-ìwé tí ó máa ń tètè jáde ní ọjọ́ Ẹtì. Èmi mú Ìṣẹ́gun, nítorí ọ̀gá mi gbà kí n máa jáde lẹ́yìn iṣẹ́ kíláàsì mi ìkẹyìn lọ́jọ́ náà, bí mo bá fi wákàtí kan kún un láàárọ̀. Ọjọ́rú ni kò tíì ní ọlọ́jọ́. Ìyá kan ní òun yóò mú un, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ jìnnà débi pé àfi kí a kó àwọn ọmọ gun kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ṣé kí n gbà á?

Ìyá Ìbejì, Under-G

Ẹ má gbà á o. Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ ni ẹ ó mọ̀. Ibi tí ọmọ ọdún mẹ́fà lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ni kí ó jẹ́. Ẹ fi Ọjọ́rú sílẹ̀ ní òfìfo ná, kí ọmọ yín dúró sí lẹ́sìn ní ọjọ́ kan yẹn, kí ẹ bá ilé-ìwé dúnàádúrà kí wọ́n gba owó ọjọ́ kan. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Ọ̀sẹ̀ kejì táàmù ni ó dára jù, nígbà tí gbogbo ilé-ìwé ti fìdí múlẹ̀. Èmi yóò fi òfin ẹgbẹ́ tiwa ránṣẹ́ sí yín, ojú ìwé kan ni, kí ẹ yọ èyí tí kò bá yín mu.

Abiyamọ Ọ̀jẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí èmi náà.